Ọ̀rọ̀ Inú Yàrá Ìmúra: Kí Ló Ń Mú Kó Wọ Eléré Lára?

Ìgbàkígbà tí ikọ̀ kan bá ti ń fìdí rẹmi kí wọ́n tó lọ sinmi, tí wọ́n sì padà wá borí, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn: kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn sọ fún wọn nínú yàrá yẹn? A béèrè rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1989, nígbà tí Soviet Union gbá góòlù mẹ́rin wọlé àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà nínú ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Dammam, tí àwọn ọmọ Tunde Disu dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, tí wọ́n sì fi pẹnáritì lé wọn lọ sílé. A tún béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1996, ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia. Brazil ti ń fi 3-1 ṣáájú Nàìjíríà níbi Òlíḿpíìkì lọ́jọ́ náà kí Victor Ikpeba tó dín in kù, kí Nwankwo Kanu tó bá wọn dọ́gba nígbà tí eré fẹ́ẹ́ parí, tí òun kan náà sì gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé ní àfikún àkókò. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ní Rabat, Super Falcons, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, lọ sinmi pẹ̀lú góòlù méjì lọ́rùn wọn. Wọ́n padà wá na Morocco ní 3-2, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà kẹwàá wọn, ìbéèrè náà sì tún jáde.

Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni, àmọ́ ọ̀nà tí a ń gbà béèrè rẹ̀ ló ń ṣì wá lọ́nà. A máa ń rò pé gbólóhùn kan pàtó wà tó jẹ́ pé bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ti sọ ọ́ tán, ara á gbóná, ẹsẹ̀ á yá, ẹ̀rù á sá. Lójú tèmi, àjọ ni ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ti ń dá sílẹ̀ láti oṣù yìí wá ni yóò rí kó lọ́jọ́ ìdíje. Ẹni tí kò dá ohunkóhun, bó pariwo títí ilẹ̀ fi mì, kò sí ohun tí yóò kàn án. Ọ̀rọ̀ náà ní agbára lóòótọ́, mi ò sọ pé kò ní, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní orísun, orísun náà sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun kan. Ọ̀rọ̀ àwọn tó borí nìkan là ń rántí. Ní Istanbul, ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2005, AC Milan ń fi 3-0 na Liverpool nígbà ìsinmi àṣekágbá Champions League. Rafael Benítez bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n jáde, góòlù mẹ́ta wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n sì fi pẹnáritì gba ife náà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kejì, Carlo Ancelotti náà ń bá àwọn tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ni, ó ti gba ife yẹn rí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tí òun sọ. Ká ní Jerzy Dudek, aṣọ́lé Liverpool, kò mú bọ́ọ̀lù tí Andriy Shevchenko gbá nígbà tí àfikún àkókò fẹ́ẹ́ parí ni, ọ̀rọ̀ Ancelotti là bá máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa lónìí, a ò bá sì ti gbàgbé ti Benítez pátápátá.

Kí wá ni Benítez ṣe? Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì já gaara nígbà náà. Ó ní kí wọ́n gbé orí sókè nítorí àwọn olólùfẹ́ wọn, tí wọ́n ń gbọ́ orin wọn láti inú yàrá náà, pé bí wọ́n bá lè rí góòlù kan, ìdíje ti padà bẹ̀rẹ̀. Èyí dára. Àmọ́ láàárín ọ̀rọ̀ yìí ló mú Steve Finnan kúrò, tó fi Dietmar Hamann sí àárín, tó sì yí ẹ̀yìn sí ènìyàn mẹ́ta. Kaká ti ń rí àyè fàlàlà ní àárín pápá láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni Hamann lọ dí. Ẹni tó jókòó tó ń gbọ́ pé kí òun má sọ ìrètí nù, tó sì tún ń rí i pé wọ́n ti ń dí ihò tí omi ń gbà wọlé, ó ní ìdí láti gbà. Ní Rabat náà, Jennifer Echegini tó gbá góòlù kẹta wọlé, orí àga ni wọ́n ti pè é dìde.

Amẹ́ríkà ni àṣà ọ̀rọ̀ inú yàrá ìmúra ti di ìtàn tí baba ń sọ fún ọmọ. Knute Rockne ni olórí wọn, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Notre Dame nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1928, nínú pápá Yankee ní New York, ikọ̀ rẹ̀ tó ti fara pa fẹ́ kojú ikọ̀ Army tó lágbára. Rockne sọ fún wọn nípa George Gipp, àgbà eléré Notre Dame tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1920, ẹni ọdún 25. Ó ní lórí ibùsùn ikú ni Gipp ti bẹ òun pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá le fún ikọ̀ náà, kí òun sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n borí fún Gipp. Wọ́n borí ní 12-6. Ní ọdún 1940 ni wọ́n fi ìtàn náà ṣe fíìmù, Ronald Reagan ló kó ipa Gipp, orúkọ ìnagijẹ tó tibẹ̀ gbà, Gipper, sì bá a dé ilé ààrẹ.

Bí ọdún mẹ́jọ ni Rockne fi pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra, bó bá jẹ́ pé Gipp sọ ọ́ lóòótọ́. Ìyẹn kò sì ní yà wá lẹ́nu, nítorí ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí òtítọ́ dí i lọ́wọ́. Ní ọdún 1922, kí wọ́n tó kojú Georgia Tech, ó ka ìwé wáyà kan sí àwọn ọmọ rẹ̀ létí pé ọmọ òun, Billy kékeré, wà nílé ìwòsàn tó ń ṣàárẹ̀, pé ó fẹ́ kí ikọ̀ bàbá òun borí. Àwọn géńdé yẹn fi omijé wọ pápá, wọ́n sì borí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé wọn délé, Billy ló ń sáré bọ̀ wá pàdé wọn ní ibùdókọ̀, ara rẹ̀ le koko.

Àwọn kan ń sọ ìtàn yìí bí ẹni tó ń yin ọgbọ́n. Èmi kò lè yìn ín. Irọ́ lè mú ikọ̀ borí lẹ́ẹ̀kan, ó tilẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, àmọ́ àwọn tó sunkún nítorí Billy ti kẹ́kọ̀ọ́ ohun kan nípa ọ̀gá wọn ní ibùdókọ̀ yẹn, wọn ò sì ní gbàgbé rẹ̀. Notre Dame ń gba ọmọ tuntun wọlé lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí Rockne fi ráyè. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní irú àwọn eléré kan náà lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún kò ní ráyè bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti wọn agbára irú ọ̀rọ̀ báyìí. Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù nínú wọn ni èyí tí Barry Staw ti Yunifásítì California ní Berkeley ṣe pẹ̀lú Katherine DeCelles àti Peter de Goey, tó jáde ní ọdún 2019. Wọ́n gba ohùn àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀ nígbà ìsinmi, ọ̀rọ̀ 304 lápapọ̀, láti inú ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n 23 ní àwọn ilé ìwé girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àríwá California. Wọ́n díwọ̀n bí inú olùkọ́ ṣe dùn tàbí bó ṣe bàjẹ́ tó nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wé bí ikọ̀ náà ṣe ṣe sí ní ìdajì kejì. Ohun tí wọ́n rí kò bá ti fíìmù mu. Olùkọ́ tó fi hàn pé inú òun kò dùn, tó bínú díẹ̀, tó ní ohun tí wọ́n ń ṣe kò tó, àwọn ọmọ rẹ̀ sábà máa ń ṣe dáadáa jù lẹ́yìn ìsinmi. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìbínú náà máa ń dé tí gbogbo rẹ̀ á yí padà. Bó bá ti di ìbínú burúkú, eré àwọn ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Mo rò pé àṣìlò ni wọ́n ń lo ìwádìí yìí, pàápàá àwọn tí inú wọn dùn láti gbọ́ pé ìbínú ń ṣiṣẹ́. Ìbínú ìwọ̀nba jẹ́ ìròyìn. Ó ń sọ fún ọmọ pé ọ̀gá rí ohun tó ń lọ, pé ọ̀gá mọ̀ pé ó lè ṣe ju báyìí lọ. Nígbà tó bá kọjá ààlà, ọmọ náà kò gbọ́ nǹkan kan nípa eré mọ́. Ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Èyí sì bá iṣẹ́ Tiffanye Vargas-Tonsing mu, ẹni tó ti bi ọ̀pọ̀ eléré léèrè irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àlàyé ni wọ́n ń fẹ́ jù: báwo ni alátakò ṣe ń gbá, kí ni kí n ṣe. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ru ọkàn sókè kò pọ̀, ó sì yé mi: nígbà àṣekágbá, àti nígbà tí wọ́n fẹ́ kojú ẹni tó jù wọ́n lọ.

Ìwádìí kan tún wà tí àwọn olùsọ̀rọ̀ ìwúrí fẹ́ràn púpọ̀, ti Jonah Berger àti Devin Pope ní ọdún 2011. Wọ́n yẹ ìdíje NBA tó lé ní 18,000 wò, wọ́n ní ikọ̀ tí alátakò rẹ̀ fi àmì kan ṣoṣo ṣáájú rẹ̀ nígbà ìsinmi máa ń borí ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn wá a nínú àwọn eré mìíràn bíi rọ́gbì, wọn ò rí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ilé lé e lórí.

Bí mo bá ní láti mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde kí a tú u palẹ̀, ti Jim Telfer ni màá mú. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1997 ni, ní Cape Town. British and Irish Lions, ikọ̀ rọ́gbì tí wọ́n ń ṣà jọ láti England, Scotland, Wales àti Ireland, fẹ́ kojú South Africa, tó gba ife àgbáyé ní ọdún 1995. Àwọn tó gbà pé wọ́n á rí i ṣe kò pọ̀. Telfer, ọmọ Scotland, ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí. Òun ló ń kọ́ àwọn iwájú, àwọn mẹ́jọ tí wọ́n máa ń fi èjìká ti èjìká alátakò. Ó kó àwọn yìí nìkan jọ sí yàrá kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, àga wọn súnmọ́ra tímọ́tímọ́. Àwọn ayàwòrán tó ń ṣe fíìmù Living with Lions wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè gbọ́ ohùn rẹ̀ títí dòní.

Kò pariwo. Jẹ́jẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, ó ń dákẹ́ láàárín gbólóhùn kan sí èkejì. Ó ní kí wọ́n yan ènìyàn fún Lions, ìyẹn rọrùn, kí ènìyàn borí fún Lions ni iṣẹ́. Ó ní ìwọ̀nba ni ẹni tó ń rí àyè dé orí òkè Everest nínú eré yìí, àyè náà sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló yí ohùn padà. Ó ní àwọn ará South Africa kò kà wọ́n sí, wọn ò bọ̀wọ̀ fún wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n sì fi lè kà wọ́n sí ni kí àwọn mẹ́jọ yìí dojú kọ wọ́n, kí wọ́n dá wọn padà, kí wọ́n tì wọ́n sẹ́yìn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn. Ó gbé wọn gòkè, sí ibi tí ojú ti ń rí iyì, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ sókè níbẹ̀. Ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí inú ara: èjìká, ẹsẹ̀, ìtì. Nígbà tí wọ́n bá dìde lórí àga, ohun tí wọ́n máa ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ wọn. Èkejì, ó sọ òtítọ́ tó dùn wọ́n. Northern Transvaal ti nà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù wọn. Telfer kò fi òróró pa á. Ẹ̀kẹta ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi: láti ìgbà tí wọ́n ti dé orílẹ̀-èdè yẹn ló ti ń mú wọn ti ẹ̀rọ ìdánrawò títí tí ẹsẹ̀ wọn fi ń gbọ̀n, tó ń kọ́ wọn láti wọlé nísàlẹ̀ ju alátakò lọ. Tom Smith àti Paul Wallace tó wà ní ìlà iwájú kéré sí àwọn òmìrán tó dojú kọ wọ́n, ìdúró nísàlẹ̀ yẹn sì ni ohun ìjà wọn. Nítorí náà, nígbà tó ní kí wọ́n tì wọ́n sẹ́yìn, iṣan wọn ló ń bá sọ̀rọ̀. Lions borí ní 25-16, wọ́n sì gba gbogbo ìdíje náà ní 2-1.

Ọ̀rọ̀ Herb Brooks kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1980 ni, ní Lake Placid, nínú họ́kì orí yìnyín ti Òlíḿpíìkì. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà fẹ́ kojú Soviet Union, tó ti nà wọ́n ní 10-3 ní New York ní ọjọ́ 9 oṣù kan náà. Brooks mú bébà kan jáde, ó kà á: ó ní láti inú ìyá wọn ni wọ́n ti jẹ́ eléré, pé ibẹ̀ yẹn ni ó yẹ kí wọ́n wà, pé àkókò wọn ni. Ó tán. Wọ́n borí ní 4-3. Kí ló mú kí ẹni tó ń kàwé lórí bébà wọ ènìyàn lára? Wọ́n mọ̀ ọ́n ni. Òun ni ẹni ìkẹyìn tí wọ́n yọ kúrò nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Òlíḿpíìkì ọdún 1960, ó wo ìdíje náà láti ilé. Òun náà ló mú àwọn ọmọ yìí sáré lọ sáré bọ̀ lórí yìnyín ní Norway lóru, lẹ́yìn eré tí wọ́n dọ́gba, títí tí wọ́n fi pa iná pápá mọ́ wọn lórí. Ẹni tí kì í yin ènìyàn ló wá yìn wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Brooks á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ń kì wọ́n ni. Níbi ìjàkadì àti gídígbò láyé àwọn bàbá wa, onílù kì í sọ fún ajàkadì pé kó gbìyànjú, kì í ṣe ìlérí fún un. Orúkọ rẹ̀ ló máa fi ìlù pè, á pe bàbá rẹ̀, á pe ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, á rán an létí ohun tí ìran rẹ̀ ti ṣe rí. Ara ọkùnrin náà á yá nítorí pé wọ́n ti sọ ẹni tó jẹ́ níwájú gbogbo ayé, ojú sì ń tì í láti ṣubú lábẹ́ orúkọ yẹn. Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nínú eré ìdárayá káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ oríkì: wọ́n ń sọ fún ènìyàn pé ohun tí a ń wá ti wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n akígbe kò lè ki ẹni tí kò mọ̀. Bó bá ṣi orúkọ pè, ẹ̀rín ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń pe gbogbo ikọ̀ ní kìnnìún láìmọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹni tó ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù orí, ariwo lásán ló ń pa.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àyè oríkì máa ń wà. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ni olùkọ́ ní. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981, ní Las Vegas, Sugar Ray Leonard jókòó lẹ́yìn abala kejìlá ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Thomas Hearns. Ojú rẹ̀ òsì ti wú. Angelo Dundee, tó ti dúró ti Muhammad Ali ṣáájú rẹ̀, tẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì sọ fún un, ó pè é ní ọmọ, pé ìjà náà ti ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí òkè Everest níbẹ̀, kò sí òkú ọ̀run. Ìròyìn ni: o rò pé ó ń lọ dáadáa, kò lọ dáadáa. Òótọ́ sì ni, nítorí Hearns ló ń ṣáájú nínú ìwé adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Leonard gbé Hearns ṣubú ní abala kẹtàlá, wọ́n dá ìjà náà dúró ní abala kẹrìnlá. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju ti Rockne lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn débi tí kò fi lè parọ́ fún un ni.

Ẹnìkan wà tó tilẹ̀ kọ gbogbo àṣà náà sílẹ̀. John Wooden gba ife kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ọdún 1964 sí 1975 pẹ̀lú UCLA, kò sì gba ọ̀rọ̀ ìwúrí gbọ́. Ó ní bí o bá gbé ènìyàn sókè jù lónìí, yóò wálẹ̀ lọ́la. Ní àkókò eré tó fi parí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn olùwádìí méjì, Ronald Gallimore àti Roland Tharp, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tó ń sọ nígbà ìdánrawò sílẹ̀. Wọ́n ka ohun 2,326. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìtọ́ni tààrà nípa ohun tí ọmọ kan máa ṣe àti bí yóò ṣe ṣe é. Ìyìn kò tó ìdá mẹ́wàá, ìbáwí lásán náà kò tó o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, ó máa ń mú àwọn géńdé tó ga ju ìlẹ̀kùn lọ jókòó, á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀: kí wọ́n fà á títí kò fi ní ká jọ ní ìka ẹsẹ̀ àti ní gìgísẹ̀, nítorí ibi tó bá ká jọ ló máa bó ẹsẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, okùn bàtà.

Àwọn kan á ní Wooden fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìwúrí kò wúlò. Èrò mi yàtọ̀. Gbogbo ọdún ló fi ń sọ ọ́, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí èyí tó ṣẹ́kù láti kó jọ fún ọjọ́ ìdíje.

Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí ẹrù tó wà lọ́rùn eléré tóbi ju ìbọ̀sẹ̀ lọ. South Africa tún ni àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2019, Rassie Erasmus kó ikọ̀ rọ́gbì wọn lọ sí ife àgbáyé ní Japan, Siya Kolisi ọmọ Zwide, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ balógun ikọ̀ náà, ló ṣáájú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n na England ní 32-12 ní àṣekágbá, Erasmus ṣàlàyé ohun tí wọ́n ti jọ ń sọ láàárín ara wọn. Ó ní ìdààmú gidi ni kí ènìyàn má níṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n pa ẹbí ẹni. Rọ́gbì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdààmú fún wọn, ìrètí tí wọ́n lè fún àwọn ará ilé ni. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló máa ń fi orílẹ̀-èdè kún ẹrù ọmọ: gbogbo ìlú ń wò ọ́, má dójú tì wá. Erasmus lo orílẹ̀-èdè kan náà, ó sì fi sọ ẹrù kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọlé nítorí àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ ìyà yẹn lára wọn. Nígbà tí Nelson Mandela wọ yàrá àwọn Springbok, ikọ̀ rọ́gbì South Africa yìí kan náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1995 pẹ̀lú aṣọ nọ́ḿbà 6 ti balógun wọn, François Pienaar, lọ́rùn, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan péré ló sọ. Ọdún 27 tó lò lẹ́wọ̀n ló sọ ìyókù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tiwa ti ń dùn mí. A fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìwúrí ní Nàìjíríà. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ á rọ́ wá sí àgọ́ ikọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ní mílíọ̀nù lọ́nà igba ènìyàn ń retí yín, wọ́n á ṣèlérí. Lẹ́yìn tí Super Eagles gba ife Áfíríkà ní ọdún 1994, ìjọba ṣèlérí ilé fún wọn. Ó lé ní ogún ọdún kí àwọn kan nínú wọn tó rí tiwọn gbà. Ní Brazil ní ọdún 2014, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí wọ́n kojú France, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti lọ ṣe ìdánrawò nítorí owó àjẹmọ́nú wọn. Wọ́n pàdánù ní 2-0. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Cameroon, wọ́n sì ní láti wọ́de ní Abuja kí wọ́n tó rí owó wọn gbà. Kí ni aláṣẹ kan fẹ́ sọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyẹn nígbà ìdíje tó tẹ̀ lé e tó máa wọ̀ wọ́n létí? Ìgbà mélòó ni ènìyàn lè fi orúkọ orílẹ̀-èdè bẹ ẹni tí orílẹ̀-èdè jẹ ní gbèsè? Àwọn eléré wa ti borí láìka èyí sí, iyì tiwọn nìyẹn, kì í ṣe ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀.

Ó tún ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní pápá ilé ìwé, níbi tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti ń gbọ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí kò jẹun, pé ilé ìyá wọn ló yẹ kí wọ́n wà. Olùkọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń ní òun ń ta wọ́n jí. Ohun tí mo máa fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà ìsinmi kò gùn. Kó jẹ́ kí wọ́n mu omi tán, kí ọkàn wọn balẹ̀. Kó sọ ohun tí kò dára, láìfi òyìnbó bò ó: ọ̀nà ọ̀tún wa ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni góòlù méjèèjì ti wọlé. Kó kọjú sí ọmọ kan: ìwọ, nọ́ḿbà méje wọn, ìwọ ló ni ín láti ìsinsìnyí lọ, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni kó o máa lé e sí, mo ti rí ọ tó o ṣe é ní ọjọ́ Tuesday. Kí ó sì kọjú sí èkejì: bó bá ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, o ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Lẹ́yìn náà, kó dá wọn padà sí pápá.